Èsì: ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún àbúrò yín

Ẹ kú aájò àbúrò yín. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ló yẹ kí ẹ mú un lọ nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti lé lóṣù kan lára rẹ̀, ẹ sì ń bẹ̀rù pé oògùn yóò di bárakú fún un.

Dókítà tó wà nítòsí yín lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn tẹnutẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, Arò ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní Èkó àti UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì ń ti ilé wá gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnu aráyé dá yín dúró.

Ní ti oògùn, àwọn tí wọ́n sábà máa ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì kì í di bárakú bí ọtí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá, nítorí náà kí ó ní sùúrù, kí ó má sì dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Bí àìsàn náà kò bá le, ìjíròrò déédéé pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá lè tó láìlo oògùn rárá. Ẹ lè máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́lẹ̀ tàbí kí ó nà án.

Bí ó bá sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.