Ẹ má tíì ra bátìrì o, ẹ wo earth Cobra yín ná

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Mo fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ kọ. Cobra tí ẹ fi kíìtì tò, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn ń ra èròjà rẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ẹ́ńjìnnì Rover V8 (onísílíndà mẹ́jọ), wáyà inú rẹ̀ jẹ́ ti Ford Sierra tí ẹ tú. Ẹ ní tí ẹ bá tan iná iwájú, géèjì ooru á fò sókè. Tí ẹ bá tẹ tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, iná ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, bàìbàì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, sítátà á máa lọ́ra, nígbà míì kò tiẹ̀ ní í yí rárá. Ẹ ti pààrọ̀ rẹdíétọ̀, ẹ ti pààrọ̀ sítátà, ẹ wá ń béèrè irú bátìrì tó yẹ kí ẹ rà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nǹkan kan mọ́ ní oṣù yìí. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, orísun kan náà ni mo gbà pé wọ́n ti ń wá: earth ọkọ̀ yín, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí orí négétíìfù bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti géèjì. Ẹ ní kété tí ẹ tẹ súwíìṣì iná iwájú ló fò, tí ẹ bá sì pa iná, ó padà sílẹ̀. Omi tó wà nínú V8 kò lè gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tún tutù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé ẹnì kan tan iná. Omi ò yí padà. Fóltì tó dé ọ̀dọ̀ géèjì ló yí padà, torí pé géèjì àti iná iwájú jọ ń gba ọ̀nà tóóró kan padà sí bátìrì. Tí ẹrù iná iwájú bá ti kún ọ̀nà yẹn, géèjì á máa purọ́. Nítorí náà, rẹdíétọ̀ tí ẹ yọ kúrò yẹn, ẹ má tíì gbé e sọnù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń yọ àwa tí a ń to Cobra lẹ́nu ju àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe lọ nìyí. Ojúlówó rẹ̀, èyí tó jáde ní 1962 nígbà tí Carroll Shelby, awakọ̀ ìdíje ará Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi V8 Ford sínú ọkọ̀ AC Ace, aluminiọ́mù ni bọ́dì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ AC Cars ní Thames Ditton, ní Surrey, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń kan án, lórí páìpù irin. Irin ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, iná sì lè gba ara irin padà sílé. Tiwa, fáíbà ni. Fáíbà kì í gbé iná. Iná ẹ̀yìn tí ẹ fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ fáíbà kò ní ọ̀nà àbọ̀ kankan, àfi wáyà tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín fà fún un.

Sierra tí ẹ tú wáyà rẹ̀, irin ni bọ́dì tiẹ̀ náà. Àwọn tó ṣe é fọkàn tán bọ́dì yẹn. Wọ́n kàn gé wáyà earth kúkúrú láti ẹ̀yìn iná, wọ́n fi nọ́ọ̀tì kàn án mọ́ irin tó wà nítòsí, ó parí. Nígbà tí ẹ wá gbé wáyà náà sínú fáíbà, àwọn wáyà kúkúrú yẹn ò ní ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ọ́ láìrí i pé wáyà búráùn kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ dirodiro, tàbí tí wọ́n so mọ́ nọ́ọ̀tì tó kàn fáíbà nìkan.

Ohun tó sì ń mú kí iná ẹ̀yìn yín máa ṣẹ́jú nìyẹn. Gílóòbù tíráfíkétọ̀ jẹ́ 21W, ìyẹn iná bíi 1.75A (áńpíà) ní fóltì 12. Tí iná yẹn ò bá rí ọ̀nà padà ní tààrà, kò ní í dúró síbẹ̀. Á gba inú gílóòbù 5W tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá, á wá ọ̀nà míì lọ sílé. Ìdí tí méjèèjì fi ń ṣẹ́jú bàìbàì nìyẹn. Gílóòbù ò bàjẹ́, ríléè tíráfíkétọ̀ náà ò sì bàjẹ́.

Ẹ dákun, kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé, torí ó lè jó ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú wáyà Sierra, búráùn ni earth. Nínú wáyà àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Rover yẹn náà wà lára wọn, dúdú ni earth, búráùn sì ni iná tó ń bọ̀ láti bátìrì ní tààrà, tí kì í gba inú súwíìṣì kankan. Wáyà búráùn ńlá tó wà lára ọltánétọ̀ Rover yín, iná gidi ló wà nínú rẹ̀, kódà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yín. Tí ẹnikẹ́ni bá so búráùn pọ̀ mọ́ búráùn torí pé àwọ̀ wọn bára mu, òun àti iná ni. Ẹ fi mítà wo wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so ó. Ẹ má gba àwọ̀ gbọ́.

Tèmi, mo rà á ní àbọ̀ ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú míì, kò ráyè mọ́. Ó tò ó dáadáa o, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo wáyà wà ní títò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀dà oníyẹ̀fun tó nípọn yan ṣáásì náà, ọ̀dà tó dán, tó le, earth kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ọ̀dà yẹn. Àwọn eyín nọ́ọ̀tì nìkan ló ń kan irin díẹ̀díẹ̀. Lójú, kò sí ohun tó mọ́ jù ú lọ. Ní ìdí rẹ̀, irin ò kan irin.

Ohun tó pẹ́ mi lọ́wọ́ jù ni kébù tó ń fa kábúrétọ̀. Ó ń há. Mo fi òróró sí i, ó tún há. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, mo sì na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì láti fetí sí sítátà. Ọwọ́ mi kan kébù náà. Ó jó mi! Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná rárá, òwúrọ̀ kùtù ni. Nígbà tí mo tú kébù yẹn, ike inú rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ wáyà. Rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, kì í kan ṣáásì, kò sì sí wáyà kankan tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásì. Sítátà ń fa iná tó lè ju 200A lọ, iná yẹn sì gbọ́dọ̀ padà sílé. Kébù kábúrétọ̀ tín-ín-rín yẹn ló ń gbà. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kébù kan ń há nínú ọkọ̀ kíìtì, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni: báwo ni ẹ́ńjìnnì yín ṣe so mọ́ ṣáásì?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ti rí sítátà tó ń lọ́ra, ẹ rò pé sítátà ló bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú. Ẹ ó sọ pé ẹ ti fi mítà wọn earth ní ọ́ọ̀mù, ó sì fi òdo hàn. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Mítà kì í rán ju iná bíńtín kan gba inú wáyà nígbà tó bá ń wọn ọ́ọ̀mù. Wáyà ńlá tó ti já tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, òdo ló máa fi hàn. Ẹ fi ẹrù lé e lórí, ẹ ó rí òótọ́. Ká ní ọ́ọ̀mù 0.01 péré ló wà níbi ìsopọ̀ kan, èyí tí mítà ọwọ́ wa ò tiẹ̀ lè kà. Tí 200A bá gba ibẹ̀, fóltì 2 ti lọ. Bátìrì tó kún jẹ́ 12.6, ó sì máa ń wálẹ̀ sí bíi 10 tí sítátà bá ń fà. Tí ẹ bá tún yọ 2 níbẹ̀, 8 ló kù fún sítátà. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá gbóná, ìdènà á pọ̀ sí i. Ìdí tó fi ń kọṣẹ́ lẹ́yìn ìrìn nìyẹn.

Nítorí náà, fóltì ni kí ẹ wọn, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ fi ẹnu mítà dúdú kan orí négétíìfù bátìrì gan-an, lórí òjé rẹ̀, kì í ṣe lórí kílíìpù. Ẹ fi ẹnu pupa kan ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí irin ti hàn. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí ẹ́ńjìnnì má baà tan, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mítà bá kà nígbà tí sítátà ń yí ni ohun tí earth yín ń jẹ. 0.2 dára. Tó bá kọjá 0.5, ẹ ti rí i. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná ẹ̀yìn: ẹ tàn án, ẹ fi ẹnu pupa kan ibi tí earth gílóòbù wà. Ohun tó bá ju 0.2 lọ níbẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Títún un ṣe kò le, ó kàn ń gba sùúrù ni. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lára ṣáásì títí irin á fi máa dán, kí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ ju orí wáyà lọ díẹ̀. Ẹ di nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í tán ni kí ẹ wá kun ọ̀dà tàbí fasilín lé e lórí kó má baà dípatà. Ẹ má fi sí àárín irin méjèèjì. Láti ẹ́ńjìnnì sí ṣáásì, ẹ fi wáyà híhun tó nípọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn búùtù ni bátìrì yín wà bíi tèmi, ẹ má fi wáyà tín-ín-rín ṣe é, torí ọ̀nà náà jìn. Fún àwọn iná, ẹ de irin bàbà pẹlẹbẹ kékeré kan sí iwájú, ọ̀kan sí ẹ̀yìn, kí iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Géèjì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bá iná iwájú pín ọ̀nà. Kí ẹ sì wo ìdí sẹ́ńsọ̀ ooru: tí wọ́n bá ti fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé e, ẹ ká a kúrò, torí ara ẹ́ńjìnnì ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń gbà ní earth.

Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e lọ fún IVA, àyẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún irú ọkọ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò báyìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dáa kí ẹ tún èyí ṣe ṣáájú. Ọkọ̀ tí tíráfíkétọ̀ rẹ̀ ń mú iná míì ṣẹ́jú kò ní í yege. Bí ẹ bá sì ti ń fa wáyà tuntun, ẹ máa dè é mọ́ ṣáásì, kí ìdè kan má jìn sí èkejì ju 300mm lọ, torí wọ́n máa wò ó.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán tí géèjì ṣì ń gòkè nínú gósílóò, ìgbà yẹn ni a tó lè sọ̀rọ̀ omi. Imú Cobra lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń há sí òkè ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi jáàkì gbé imú rẹ̀ sókè kí ẹ tó rọ omi. Ẹ lẹ abala ìwé kan mọ́ iwájú rẹdíétọ̀ nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Tí fáànù bá wà lẹ́yìn, ó yẹ kó fa ìwé náà mọ́ra. Tó bá fẹ́ ẹ dànù, wáyà fáànù ni wọ́n yí sódì. Kí ẹ sì dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹdíétọ̀ pẹ̀lú aluminiọ́mù, torí afẹ́fẹ́ tó rí àyè ẹ̀gbẹ́ kò ní í gba àárín.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi sípánà kan ohunkóhun: fóltì lórí bátìrì nígbà tí sítátà ń yí, fóltì láàárín ẹ́ńjìnnì àti négétíìfù nígbà kan náà, àti ti iná ẹ̀yìn. Ẹ ya àwòrán ibi tí wáyà négétíìfù ti kan ṣáásì mọ́ ọn, kí ó súnmọ́ dáadáa.