A fẹ́ gbé sítóòfù onígi sínú àgọ́ kánfásì wa ní oko: ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Òkun o, ọ̀gá jórinjórin. Èmi àtàwọn àbúrò mi la ní oko kajú kan lẹ́yìn Ìsánlú, a sì máa ń sùn síbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí a ó fi ṣa kajú tán. Àgọ́ kánfásì àtijọ́ la rà, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń lò. Òtútù òru kì í jẹ́ kí ìyá wa sùn, wọn ò sì gbà láti padà sílé. À ń gbé àdògán èédú wọlé fún wọn, àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ gbogbo wa. Ẹnì kan ní ká lọ ṣe sítóòfù onírin tó ní páìpù. Ṣé ó ṣeé gbé sínú àgọ́ aláṣọ? Igi wo ló dáa? Ṣé a lè jẹ́ kó máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Ìdáhùn: Òkun o, ẹ kú oko. Ẹ bá mi kí ìyá.

Ká tó dé orí sítóòfù, ẹ gbé àdògán yẹn síta lónìí, kó má sì wọlé mọ́. Orí tó ń fọ́ yín kì í ṣe ibà. Èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín kankan, ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Bí a bá fà á símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní fún oxygen láyè mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á sì kunni. Ẹni tó bá ti sùn kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ lè má jí. Ibà kì í kọlu gbogbo ará ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kó sì fi gbogbo wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti jáde sí gbangba. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bì, tó dákú, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ara rẹ̀, ẹ gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ fún dókítà pé èédú wà níbi tó sùn; bí ẹ ò bá sọ, abẹ́rẹ́ ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un.

Ní ti sítóòfù, ó ṣeé ṣe. Àwọn ọdẹ Kánádà àti Amẹ́ríkà ti ń lo irú rẹ̀ nínú àgọ́ kánfásì láti ọjọ́ pípẹ́, òtútù tiwọn sì ju tiwa lọ fíìfíì. Kánfásì olówùú náà ló ṣeé gbà láyè o. Bí àgọ́ yín bá jẹ́ tapólì tàbí ọ̀rá, ẹ gbàgbé rẹ̀, nítorí ọ̀rá máa ń yọ́ kán sára èèyàn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wá bá mi fún irú iṣẹ́ yìí ni pé páìpù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ kò ju ibi tí igi ń jókòó sí lọ. Bí páìpù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè, á sì fa èéfín tẹ̀lé ara rẹ̀. Bó bá tutù, ìfà yẹn á dín kù, ohun tó yẹ kó bọ́ síta á sì máa yọ́ padà wọlé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kó kọ́kọ́ dìde ṣánṣán nínú àgọ́ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kó tó yà síta, kó sì tún gòkè níta títí yóò fi ga ju téńté àgọ́ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ má jẹ́ kó tẹ́ sílẹ̀ gbalaja níbikíbi. Ẹ fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ bí ajọ̀ bo ẹnu rẹ̀ lókè nítorí ẹ̀ta iná, kẹ́ ẹ sì máa gbọn ọ́n, torí ìdọ̀tí dúdú máa ń dí i pa.

Ibi tí páìpù ti gba ara aṣọ kọjá ni àgọ́ ti sábà máa ń gbiná. Nílùú òyìnbó, wọ́n ní aṣọ kan tí iná kì í ràn tí wọ́n ń rán mọ́ ojú ihò náà. Ohun tí èmi máa ṣe fún yín ni páànù fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn àti ní ìbú, tó dá dúró lórí irin méjì tí a gbá mọ́lẹ̀. Àárín rẹ̀ ni páìpù máa gbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ máa so kánfásì mọ́, kí aṣọ má bàa sún mọ́ páìpù tó íńṣì 18. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn àgọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, nítorí ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, á sì máa gbé ẹ̀ta iná jìnnà sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ro gbogbo koríko ìhà ibẹ̀ dànù dáadáa, kí iná má bàa wọ oko kajú.

Mi ò ní fi páànù òrùlé ṣe sítóòfù tàbí páìpù fúnra rẹ̀. Ohun funfun tó wà lára rẹ̀ máa ń rú èéfín bó bá gbóná jù, èéfín náà sì máa ń fa ibà àti òtútù. (Àwa jórinjórin fẹ́ràn láti máa mu mílíìkì sí i. Mílíìkì kò ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ kúrò níbi èéfín ni.) Irin dúdú ni kẹ́ ẹ rà. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáná sínú sítóòfù náà níta kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, kí epo ara irin jó tán. Ẹ gbé e sórí yanrìn, kó ga kúrò nílẹ̀ ní íńṣì mẹ́fà, kó sì jìnnà sí aṣọ, ẹní àti ìrọ̀rí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yíká.

Igi kajú tí ẹ gé dáa, bó bá gbẹ. Àyín dáa jù ú lọ, ó máa ń pẹ́ lórí iná. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bó bá ti sán wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ, bó bá ń hó fùùrù, tí omi ń ru jáde lójú rẹ̀ lórí iná, ẹ yọ ọ́. Igi tútù ló ń fi ọ̀dà dúdú kun inú páìpù, ọ̀dà náà sì lè gbiná lọ́jọ́ kan. Ẹ má sun èèpo kóró kajú rárá, òróró inú rẹ̀ máa ń bóni lára, èéfín rẹ̀ kò sì ṣeé fà símú.

Ní ti kí iná máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, rárá ni ìdáhùn mi. Nígbà tí iná ń jó lala, páìpù gbóná, ó ń fà. Òru ọ̀gànjọ́, nígbà tó ti wálẹ̀ di ẹ̀yinná, tí gbogbo yín ti sùn, ni páìpù tutù, ẹ̀yinná yẹn sì kan náà ni pẹ̀lú èédú inú àdògán yín. Àwọn kan á tún wá ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó lè pẹ́. Èyí ló burú jù. Ẹ dáná láti ìrọ̀lẹ́, kí inú àgọ́ gbóná, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ẹ̀yinná sínú korobá irin olómorí, kó lọ síta kẹ́ ẹ tó sùn. Bó bá di dandan kí iná wà, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ láìsùn. Ẹ ṣí ojú àgọ́ sílẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń dún bí carbon monoxide bá pọ̀; ẹ ra ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé e sí ìtòsí orí ìyá. Èyí tó ń gbọ́ èéfín nìkan kò tó.

Fún ìyá, omi gbígbóná nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré tó dé dáadáa, tí ẹ fi ìró wé, kẹ́ ẹ tì í sí ẹsẹ̀ wọn, á ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ gbé ibùsùn wọn kúrò nílẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara wọn.

Mo sì mọ̀ pé ẹ̀ ń ti ọ̀kadà bọ inú àgọ́ lóru nítorí olè. Bí iná bá wà níbẹ̀, ọ̀kadà kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó jìnnà sí sítóòfù, kẹ́ ẹ lè fi ya aṣọ jáde bí iná bá dí ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Kàbà, ẹ wọn gíga téńté àgọ́ àti gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ má gbé sílíńdà gáàsì àtijọ́ wá pé kí n gé e ṣe sítóòfù; mi ò ní gé e.