Ṣé kí ọmọ mi tó jẹ́ SS padà sílé ìwé nígbà kòrónà yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dọ́kítà. Àdúgbò Adétì, ní Iléṣà, là ń gbé. Ìjọba ti ní kí àwọn ọmọ wọlé padà ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2021 yìí. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 12, SS ni, ìyẹn ni pé ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ìyá ọkọ mi náà ń bá wa gbé. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 74, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àbúrò yìí ń sùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, mi ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lọ. Ilé ìwé ní àwọn ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná, àwọn ti gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu géètì, àwọn sì ti fi oògùn fín gbogbo kíláàsì. Ṣé ìyẹn tó? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ? (Ìyá Àyọ̀, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àyọ̀. Ẹ jẹ́ kí àbúrò lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé. Ní ti ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí òun náà lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín rí kíláàsì rẹ̀. Ẹ má dúró sẹ́nu géètì. Ẹ wọlé, kí ẹ wo fèrèsé.

Èémí ni àrùn yìí ń bá rìn jù. Bí ẹni tó ti kó o bá ń sọ̀rọ̀, tó ń kọrin tàbí tó ń wúkọ́, itọ́ wínníwínní tí ojú kò lè rí ń bá èémí rẹ̀ jáde. Nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ṣe ló ń kóra jọ bí èéfín inú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Bí fèrèsé bá ṣí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ilẹ̀kùn náà ṣí, atẹ́gùn á máa gbé e jáde. Nítorí náà, kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí dáadáa tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí wọ́n fín ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti sọ pé oògùn tí wọ́n ń fín káàkiri kọ́ ni wọ́n fi ń dènà kòrónà, ó sì lè ṣe ojú àti àyà àwọn ọmọ ní jàǹbá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní kòrónà ni ara wọn kì í gbóná rárá, ẹni tó sì máa ṣàìsàn lè ti máa ràn án fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó sọ fún un. Ọmọ tó rìn nínú oòrùn wá lè gbóná níwájú orí láìní àrùn kankan. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ yẹn lọ ni kí ilé ìwé gbà pé kí ọmọ tó ń wúkọ́ tàbí tí ibà ń ṣe dúró sílé, kí wọ́n má sì na ọmọ tàbí gba owó ìtanràn torí pé kò wá. Ẹ bèèrè èyí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Omi àti ọṣẹ dára, kí wọ́n máa bá a lọ.

Ní ti ìbòmú, ọmọ ọdún 12 yẹ kó máa lò ó bí àgbàlagbà. Àbúrò lè lò ó bí ẹnì kan bá wà tó máa mójú tó o, pàápàá torí pé ìyá àgbà wà nílé. Ọmọ ọdún márùn-ún sí ìsàlẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ fi méjì sínú àpò ẹ̀gbọ́n, torí èyí tó bá ti rin kò wúlò mọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá ọ̀rẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti wá le nìyí. Àkókò ọyẹ́ la wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Iléṣà mọ bí òtútù àárọ̀ ṣe máa ń rí lábẹ́ àwọn òkè yín yẹn, òtútù sì wà lára ohun tó ń fa ìrora eegun fún ẹni tó jẹ́ SS. Fèrèsé tí mo ní kí wọ́n ṣí fún kòrónà lè dá a dùbúlẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní ní kí wọ́n tì í. Aṣọ ni ká fi bá òtútù jà: síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, súwẹ́tà lórí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti fìlà nígbà tó bá ń lọ láàárọ̀. Kó jókòó sí àárín kíláàsì, kì í ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ lù ú tààrà. Bí òfin ilé ìwé bá sọ pé súwẹ́tà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ kan, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Omi ni ìkejì. Ọyẹ́ ń fa omi ara gbẹ, àwọn ọmọ tó sì wọ ìbòmú kì í fẹ́ mu omi torí wọn ò fẹ́ máa tú u. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi ara òun dínkù, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín rẹ̀ kì í lè dá omi dúró bíi ti ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tó fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò mọ èyí. Wọ́n á rò pé ọmọ náà kàn ń sá fún iṣẹ́ ni, wọ́n á ní kó jókòó. Ọmọ náà á wá máa yẹra fún omi kí wọ́n má baà bú u, ìrora á sì dé. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín òbí àti olùkọ́ lè dènà rẹ̀. Ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 18, kó gbà pé ọmọ yìí lè mu omi nígbàkigbà, kó sì jáde lọ tọ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú fúláàsì. Kó má ṣe sá eré àsápajúdé. Kó máa lo folic acid àti Paludrine rẹ̀ (oògùn tó ń dènà ibà) lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un.

Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé àádọ́rin ọmọ ló há sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, ẹ dá ẹ̀gbọ́n dúró, kí ẹ̀yin àti àwọn òbí yòókù lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n pín wọn sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, tàbí kí wọ́n máa kọ́ wọn lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìdádúró yẹn gùn. Ọmọ yìí ti wà nílé láti oṣù kẹta ọdún 2020.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nínú ilé yín ni màmá. Kòrónà kì í sábà le lára ọmọdé, àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa jù, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò sì tíì dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2021 yìí. Ẹ wá ibòmíì fún àbúrò láti máa sùn láti ìsinsìnyí lọ. Mo mọ̀ pé yóò ro màmá lára, nítorí náà kí ọkọ yín ló bá wọn sọ ọ́. Kí wọ́n máa jókòó pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, kí ọmọ fọ ọwọ́ kó tó lọ bá wọn. Bí ó bá ń wúkọ́, kó jìnnà sí wọn títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ẹ yẹ káàdì àjẹsára àwọn ọmọ wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òbí kò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dún tó kọjá, eéyi sì ń ran nínú kíláàsì ju kòrónà lọ.

Bí ara ẹ̀gbọ́n bá gbóná dé 38, tí àyà bá ń dùn ún, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Kódà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ibà ni, kòrónà tàbí òtútù àyà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ́jọ́ náà gan-an, ní òru pàápàá, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé SS ni.