Ìbéèrè Yín Lórí Ilé: Fúláàtì Ńlá Tí Kò Rí Olùrà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fúláàtì oníyàrá mẹ́rin la fẹ́ tà ní GRA Ìkẹjà. Àjà kẹta ló wà, sukéà mítà 240 ni, pẹ̀lú BQ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí méjì. Oṣù 14 rèé tí a ti gbé e síta ní mílíọ̀nù 216 náírà. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọ́n á ní ó tóbi, ó fẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn a ò ní gbúròó wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ oṣù méjì péré ni oníyàrá méjì ìsàlẹ̀ wa, tó jẹ́ sukéà mítà 100, fi tà ní mílíọ̀nù 90. Kí la ṣe tí kò dáa?
*Òǹkàwé kan, Ìkẹjà*

Ìdáhùn: A rí ibi tí ẹ ti mú 216 yẹn wá. Mílíọ̀nù 90 lórí sukéà mítà 100 jẹ́ 900,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 240, ó di 216 gẹ́lẹ́. Ìṣirò yẹn pé, ṣùgbọ́n ọjà ilé kì í rìn bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá ṣe ń tóbi sí i ni owó orí sukéà mítà kan ń wálẹ̀, torí odindi owó ni olùrà ń kà sílẹ̀, kì í rà á ní mítà-mítà. Àwọn tó lè kó mílíọ̀nù 90 jọ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó lè kó 216 jọ lọ. Ẹni tí kò ní i lọ́wọ́ kò sì lè sá lọ bá bánkì tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn: láti oṣù Kọkànlá 2024 ni CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gbé èlé ìpìlẹ̀ (èyí tí àwọn bánkì yòókù ń gbé èlé tiwọn lé) dé 27.5%, 27% ni wọ́n sì dín in sí ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Èlé táwọn bánkì fúnra wọn ń gbà tún ju ìyẹn lọ.

Kì í sì í ṣe 216 náà nìkan ni olùrà máa ná. Tí ẹjẹ́ńtì bá gba 5%, tí lọ́yà gba 5%, tí owó kọ́ńsẹ́ǹtì gómìnà (ìyọ̀ǹda ìjọba kí ilẹ̀ tó yí ọwọ́ padà) jẹ́ 3%, mílíọ̀nù 28 ó lé díẹ̀ ti gorí rẹ̀. Ó di 244. Ẹni tó ní 244 lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè duplex ní Ọ̀mọ̀lé tàbí Magodo, níbi tí yóò ti ní géètì tirẹ̀, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó bá rí fúláàtì àjà kẹta, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni ibi tí a ó pa kánópì sí lọ́jọ́ ìkómọ.

Ohun kejì ni pé ẹ tún 240 yẹn wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹjẹ́ńtì máa ń ka báńkónì, BQ, àní ìpín nínú àtẹ̀gùn pàápàá mọ́ ọn. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ara ògiri, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ kọ BQ àti báńkónì sọ́tọ̀. Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dáadáa. Nínú fúláàtì àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.2 tó sì gùn ní mítà 15 wọ́pọ̀. Sukéà mítà 18 nìyẹn, ó ju yàrá mítà mẹ́rin sí mẹ́rin lọ. Ní 900,000 ẹyọ kan, mílíọ̀nù 16.2 lẹ ń bù lé ibi tí ẹnì kan kò ní sùn, tí kò sì ní jókòó.

Èyí tó máa ń lé olùrà sá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni owó oṣooṣù, òun gan-an sì ni àwọn olùtajà kì í fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká fi bùlọ́ọ̀kù tó ní fúláàtì mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ. Jẹnẹrétọ̀ 100 kVA tó ń gbé ìdajì agbára rẹ̀ ń mu nǹkan bí lítà dísẹ́ẹ̀lì 12 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ọgbọ̀n ọjọ́: lítà 2,160. Tí lítà bá jẹ́ 1,200 náírà, 2,592,000 ni, tó túmọ̀ sí 432,000 fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, kí a tó dé orí mẹ́gáàdì, ìdọ̀tí, àti pọ́ńpù omi. Bí fúláàtì méjì kò bá san tiwọn, ẹni mẹ́rin ló ń gbé ẹrù náà, ó ti di 648,000. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń fi ìwọ̀n ilé pín in, oníyàrá mẹ́rin ló ń san jù. Olùrà tó gbọ́n á ti bi mẹ́gáàdì léèrè nísàlẹ̀ kó tó gun òkè wá bá yín.

Tí kò bá sí líìfútì, òkè yẹn náà níye. Sílíńdà gáàsì 12.5 kílò, tí gáàsì bá kún un, wúwo ju 25 kílò lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá a gbé á wo àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré.

Kí wọ́n tó tún wá wò ó, ẹ lọ sí balùwẹ̀ tó jìnnà sí táǹkì jù, kí ẹ tú omi sí báàkẹ́ẹ̀tì lítà 10. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó kún, páìpù onírin àtijọ́ ti lè dípẹtà nínú, tàbí kí pọ́ńpù ti rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ògiri tó kángun sí balùwẹ̀. Tí pẹ́ǹtì bá rọ̀ tàbí tó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, omi ń bẹ nínú ògiri. Ẹ má kun ún mọ́lẹ̀. Oṣù kan kò ní kọjá tí àbàwọ́n náà á fi yọjú padà. Ojú ibi tó ti ń jò ni kí plumber kọ́kọ́ dí, kí ògiri gbẹ, kí ọ̀dà tó kàn án.

Ó ku ìwé. Nínú bùlọ́ọ̀kù, C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, sábà máa ń wà lórí gbogbo ilẹ̀ náà lórúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ìwé tiyín lè jẹ́ sublease (ìpín tí ẹni tó ni C of O yọ fún yín fún iye ọdún kan) tàbí deed of assignment (ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́). Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí ẹ kò bá tíì gba ìyẹn sórí ìwé tiyín, owó méjì ni olùrà máa gbé: tiyín tó ti kọjá, àti tirẹ̀. Ẹ tún ka ọdún tó kù. C of O ọdún 99 tí wọ́n ṣe ní 1985 máa parí ní 2084.

Tó bá jẹ́ àwa ni, a kò ní pè é ju 180 lọ, ìyẹn 750,000 lórí sukéà mítà kan. Ẹ wádìí iye tí àwọn oníyàrá mẹ́rin àdúgbò *tà*, kì í ṣe iye tí wọ́n *ń pè é*. Ẹ fi àkọsílẹ̀ owó ìtọ́jú ilé oṣù 12 sínú fáìlì kan, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì Land Use Charge (owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilé). Bó bá sì wà lọ́wọ́ ẹjẹ́ńtì mẹ́jọ tó ń pè é ní iye mẹ́jọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá rí ilé kan ní 216 níbí, tó tún rí i ní 198 lọ́hùn-ún, á ní ó ní ohun tó ń ṣe é.

Ìbéèrè: Tí a bá pín fúláàtì wa sí méjì, ṣé kò ní tètè tà?
*Òǹkàwé kan, Súrúlérè*

Ìdáhùn: Ó lè tètè tà, tó bá ṣeé pín. Ẹ wá ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé kí ẹ tó gbé òòlù. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà tó ga ní mítà mẹ́ta, tí ẹ ti rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wúwo tó 700 sí 800 kílò lórí mítà kan ní gígùn. Tí kò bá sí bíìmù lábẹ́ rẹ̀, dẹ́kì lásán ló máa gbé e, ibẹ̀ sì ni ó ti ń là. Gypsum board orí férémù irin fúyẹ́ gan-an ju ìyẹn lọ. Ní ti kíṣìnnì kejì, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ páìpù ìdọ̀tí tó ti wà. Bó bá jìnnà, páìpù náà gbọ́dọ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì ń béèrè kí ẹ gbé ilẹ̀ sókè tàbí kí ẹ gba inú àjà ẹni tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo.

Lẹ́yìn náà ni ìwé-àṣẹ ìkọ́lé, mítà iná kejì, àti ìfọwọ́sí àwọn tí ẹ jọ ni bùlọ́ọ̀kù. Láìsí ìwé tó dá fúláàtì kejì mọ̀, ẹ ò tíì ní ilé méjì láti tà.

Ìbéèrè: Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta la ní ní Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé gíga. Olùrà mẹ́ta ló ti sá lẹ́yìn tí bánkì wọn béèrè EWS1, ìwé àyẹ̀wò ewu iná lára ògiri ìta. Kí ni ká ṣe?
*Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Lẹ́yìn tí iná jó Grenfell Tower ní 14 oṣù Kẹfà 2017, tí èèyàn 72 kú, àwọn bánkì ò fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó lórí ilé gíga láìmọ ohun tí wọ́n fi bo ògiri ìta rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2019 ni EWS1 jáde. Ọdún márùn-ún ni ó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 ti kú. Ẹ kọ̀wé sí onílé tó ni gbogbo ilé gíga náà tàbí àwọn alámòójútó rẹ̀, kí ẹ béèrè déètì àti àmì tó gbà. B2 ni èyí tó ń dani láàmú: ó ní iṣẹ́ àtúnṣe wà láti ṣe.

Ẹ tún ṣe leaseholder deed of certificate, ìwé tí ẹni tó ni fúláàtì fi ń jẹ́rìí pé ààbò òfin kàn án, lábẹ́ Building Safety Act 2022. Tí ilé náà bá ga tó mítà 11 ó kéré tán, tàbí tó ní àjà márùn-ún ó kéré tán, tó sì jẹ́ pé ní 14 oṣù Kejì 2022 ibẹ̀ gan-an lẹ ń gbé, tàbí ẹ kò ní ju ilé mẹ́ta lọ ní UK, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún ìbòrí ògiri tó léwu. Ààbò yẹn ń bá fúláàtì lọ sọ́wọ́ olùrà. Ẹ fún lọ́yà yín ní ìwé yìí pẹ̀lú LPE1 (fọ́ọ̀mù tí àwọn alámòójútó fi ń dáhùn ìbéèrè olùrà nípa ilé náà) kí ẹ tó gbé ilé síta; dídúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè ló ń jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ lásán.

Ẹ sì wo ọdún tó kù lórí lease, ìyẹn àdéhùn iye ọdún tí fúláàtì fi jẹ́ tiyín. Tó bá ti ń sún mọ́ 80, ẹ sún un síwájú kí ó tó já sísàlẹ̀ rẹ̀, torí tó bá ti wà lábẹ́ 80, owó ìsúnsíwájú ń fò sókè. Láti 31 oṣù Kìíní 2025, kò pọn dandan mọ́ kí ènìyàn ti ni fúláàtì fún ọdún méjì kó tó lè béèrè rẹ̀, nítorí náà olùrà fúnra rẹ̀ lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ní Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ onílé sílẹ̀.