Sulphite máa ń lọ, sorbate kì í lọ

Ẹ béèrè bóyá sorbate àti sulphite, àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí wáìnì bàjẹ́, tí ẹ dà sínú wáìnì èso yín ló mú kó máa rí bí oògùn lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì dà á nù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pọn wáìnì nílé, ohun tí ẹnu mi sì ti kọ́ ni pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Sulphite, yálà ẹ lo lẹ́búlẹ́bú potassium metabisulphite tàbí Campden oníhóró, máa ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá tó bá pọ̀ jù. Á ta yín nímú, á sì fẹ́ há yín lọ́fun. Ṣùgbọ́n kì í dúró. Apá kan á so mọ́ àwọn èròjà inú wáìnì, apá kan á bá afẹ́fẹ́ lọ, tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òórùn náà lè ti rọlẹ̀ pátápátá. Èmi ò tiẹ̀ lè pè é ní ọ̀tá adùn. Wáìnì tí afẹ́fẹ́ ti kàn máa ń rùn bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ títí tó fi dúdú; sulphite á gbá èròjà tó ń fa òórùn yẹn mú, èso á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́nu. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe jù ni pé wọn kì í wo bí wáìnì ṣe kan tó. pH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí i ni wáìnì ṣe ń kan sí i. Iṣẹ́ tí nǹkan bí 20 mílígíráàmù sulphite tí kò tíì so mọ́ nǹkan kan máa ṣe nínú lítà kan ní pH 3.2, ó máa tó 50 kó tó ṣe é ní pH 3.6. Nítorí náà, ìwọ̀n tó bá ọtí ẹlòmíràn mu lè máa ta yín nímú nínú tiyín tó kan jù ú lọ.

Sorbate ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Kì í pa ìwúkàrà, ṣe ló ń dí i lọ́wọ́ kó má bàa bí sí i. Ẹni tó bá dà á sí wáìnì tó ṣì ń hó, ìhó náà ò ní dúró, ni onítọ̀hún á bá tún bu òmíràn sí i, adùn ló máa jìyà rẹ̀. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí sorbic acid, ìyẹn ásíìdì tó wà nínú sorbate, kọjá 200 mílígíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ ẹnu tó ti mọ wáìnì dáadáa lè gbọ́ ọ láti nǹkan bí 135. Lẹ́nu tèmi, ó jọ súìtì ọmọdé. Wáìnì funfun tí kò dùn ló máa ń tú u fó jù. Ṣúgà àti èso tó rinlẹ̀ máa ń bò ó. Bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, torí wáìnì tí ẹ bá fẹ́ fi ṣúgà sí nìkan ló nílò sorbate. Èyí tí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán, kí lẹ fẹ́ fi sorbate dá dúró níbẹ̀?

Ó tún ku ọ̀kan tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Sorbate kì í fọwọ́ kan àwọn bakitéríà inú wáìnì, àwọn kan nínú wọn á sì sọ ọ́ di ohun tó ń rùn bí ewé òdòdó geranium tí wọ́n fọwọ́ ra. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo sorbate láìsí sulphite, tí mi ò sì ń fi sí wáìnì tí àwọn bakitéríà ti sọ kíkan rẹ̀ di rírọ̀.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ fì í dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì. Tí òórùn náà bá ti dínkù, sulphite ni, ẹ ní sùúrù fún un. Tó bá wà bó ṣe wà, tó sì jọ súìtì, ẹ fi wáìnì tí kò ní sorbate là á, tàbí kí ẹ fi ṣúgà díẹ̀ kún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ ewé geranium lẹ gbọ́, ẹ má fi òmíràn là á o, méjì lẹ máa bà jẹ́.