Ẹ má tíì fowó ọ̀dà ránṣẹ́ sílé, ẹ wá ibi tómi ti ń wọ ògiri ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ẹ ti kun pálọ̀ ilé àwọn òbí yín lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì, ìsàlẹ̀ ògiri tún ti ń bó, pẹ́ńtà wá ń sọ fún yín lórí fóònù pé ọ̀dà tẹ́ ẹ rà nígbà yẹn ni ò dáa, kẹ́ ẹ fowó èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì mówó yín dání. Kì í ṣe ọ̀dà ló ń ṣe ògiri yẹn, omi ni. Ọ̀dà tó wọ́n jù láyé, tẹ́ ẹ bá kùn ún sórí ògiri tó tutù, á wú, á sì bó, kódà èyí tó ń dán yẹn gan-an ló máa ń yára wú jù, torí kì í jẹ́ kí omi inú ògiri rí ibi gbà jáde.

Ó ti ṣe èmi náà rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ilé màmá mi ni, yàrá tó kángun sí ilé ìwẹ̀. Èmi wà lókè òkun níbí, mò ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ògiri á funfun báláú, inú mi á dùn, kò ní tó oṣù mẹ́ta tó fi máa tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo ní kí àbúrò mi pè mí lórí fídíò, mo ní kó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ògiri yẹn kí n rí i. Àtàǹpàkò wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ kànìnkànìn! Ó wá fi ìdí ṣíbí ha á díẹ̀, yanrìn tútù ló ń já bọ́ sílẹ̀ gbìì. Páìpù tó ń gbé omi lọ sí ṣáwà ló ti là nínú ògiri, tó ń jò díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Owó ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹta, páìpù tí ò gùn tó apá mi ló jẹ gbogbo ẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó wà nílé ṣe àwọn nǹkan yìí lórí fídíò, kì í ṣe fọ́tò o, fọ́tò máa ń parọ́.

Àkọ́kọ́, kó fi tépù wọn bí ibi tó tutù yẹn ṣe ga tó láti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tó lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ò ga ju bíi mítà kan lọ, tẹ́ ẹ wá ń rí nǹkan funfun bí iyọ̀ níbi tó dé dúró, omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri bọ̀. Tó bá jẹ́ pé òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, òrùlé tàbí gọ́tà ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tó bá wá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló tutù, tí kì í gbẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ẹ fura sí páìpù. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára ibi tó tutù yẹn, kí wọ́n lọ pa iná ilé látorí mítà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ìkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù torí kò ná yín ní nǹkankan. Kí wọ́n gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ kedere, tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn, kí wọ́n nu ojú ògiri gbẹ, kí wọ́n lẹ náílọ́ọ̀nù yẹn mọ́ ọn, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dí etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọjọ́ kan sí méjì, kí wọ́n lọ wò ó. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, ìyẹn ojú tó kọ sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Tó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló rin jù, fèrèsé tí wọn kì í ṣí, oru omi gbígbóná láti ilé ìwẹ̀ tàbí ilé ìdáná. Ìyẹn ò nílò bíríkìlà rárá, kí wọ́n máa ṣí fèrèsé ni.

Ìkẹta, páìpù. Lálẹ́, kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí tánkì gba omi tuntun, kí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tómi tánkì dé, kẹ́nikẹ́ni má lo omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tómi bá ti wálẹ̀ láàárọ̀, ó ń jò níbì kan. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì o: kí wọ́n da nǹkan aláwọ̀ sínú tánkì kékeré ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n má fomi ṣan án fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, táwọ̀ yẹn bá ti dé inú àwo ìjókòó, ibẹ̀ ló ti ń jò, ẹ má lọ fọ́ ògiri ẹni ẹlẹ́ni.

Ká wá ní omi ilẹ̀ ni lóòótọ́, ohun tí mo sì rò pé ó ń ṣe pálọ̀ tiyín nìyẹn, torí ẹ ní ìsàlẹ̀ ló ti ń bó yíká. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù jáde síta, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ògiri yẹn hàn yín. Náílọ́ọ̀nù dúdú kan wà tí bíríkìlà máa ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kó tó to búlọ́ọ̀kù lé e, òun ni wọ́n ń pè ní DPC, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dá omi ilẹ̀ dúró. Ilé tó ti pẹ́, ó lè ti gbó, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ tẹ́ ẹ rárá. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rí jù ni pé ilẹ̀ ìta ti ga kọjá ẹ̀: ẹnì kan da yanrìn síbẹ̀, ẹnì kan gbin òdòdó, ẹnì kan da kọnkéré, omi wá ń fò ó kọjá sínú ilé. Kí wọ́n wa ilẹ̀ yẹn kúrò títí á fi wálẹ̀ tó bíi 15 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ DPC, kí wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè máa ṣàn kúrò lára ilé. Iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lásán nìyẹn, mo sì ti rí ilé tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló wò ó sàn.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni kí wọ́n wá ha plaster, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, tó ti jẹrà yẹn kúrò, kí wọ́n gbà á dé bíi 30 sẹ̀ǹtímítà kọjá ibi tó tutù dé, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níhòòhò kó gbẹ. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe ọjọ́. Ibí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn oníṣẹ́ á ní àwọn fẹ́ tètè parí, màmá á ní ilé ò dáa lójú àlejò. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tó bá gbẹ, kí wọ́n rẹ́ ẹ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́, kí wọ́n lo yanrìn tó mọ́ tí kò níyọ̀, kí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án, torí sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń jẹ ọ̀dà ni, àwọ̀ ẹ̀ á ṣí, á máa bó. Pẹ́ńtà tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó, owó ẹ̀ ló ń wá.

Ọ̀dà wá kù. Kí wọ́n má fi iye búkẹ́ẹ̀tì lásán ránṣẹ́ sí yín, ẹ ṣírò ó fúnra yín. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 4, tó gùn ní mítà 5, tó ga mítà 3: yíká ẹ̀ jẹ́ 18, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3, 54, ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé bíi 6, ó ku 48. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì, 96. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi square mítà 10 lórí ògiri tó dán, torí náà lítà 10 ló tó, ògiri tó rí gbágungbàgun á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ní búkẹ́ẹ̀tì lítà 20 méjì fún yàrá kan ṣoṣo, ẹ bi í léèrè ibi tó fẹ́ kùn mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ sì pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó san ìkejì, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri tí wọ́n ti ha, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ yẹn síwájú kámẹ́rà, tó bá funfun fọ́nfọ́n, eruku ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó béèrè nípa àjà tó ní àbàwọ́n omi: emulsion, ìyẹn ọ̀dà olómi, ò ní bò ó, á tún yọ padà, undercoat olóróro, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kùn ṣáájú, ni kí wọ́n kọ́kọ́ kùn síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún òrùlé ṣe. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ibi tí òrùlé ti lu lè má sí lókè àbàwọ́n yẹn gan-an, omi máa ń rìn lórí igi kó tó já bọ́. Kí wọ́n wọ òkè àjà lọ lọ́sàn-án gangan láìtan iná, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ́ wọlé, ibẹ̀ ni.

Ẹni tí ògiri tiẹ̀ lanu, tó bá jẹ́ tín-ín-rín bí irun lórí plaster, ẹ kàn dí i. Àmọ́ tó bá gun òkè bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù, tàbí tó fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, kí wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ìpẹ̀kun ẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n kọ déètì síbẹ̀. Tó bá kọjá àmì lóṣù tó ń bọ̀, ẹ wá ẹnjiníà, ẹ má dúró de aláǹgbá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n lẹ náílọ́ọ̀nù yẹn mọ́ ọn lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá sọ ojú tómi sẹ̀ sí fún mi lọ́túnla.