Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá tún fẹ́ di ìkókó

Ẹ sọ nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi pé ọmọ yín, tí ó pé ọdún mẹ́ta láìpẹ́ yìí, tí ó ti ń wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀ tí ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára lọ́sàn-án gangan, ó ń sọ̀rọ̀ bí ìkókó, ó sì ń ké pé kí ẹ gbé òun. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹ béèrè bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́, àti bóyá ẹ kò ní ba ọmọ jẹ́ sí i bí ẹ bá ń gbé e. Ọmọ méjì ni mo ti tọ́ kọjá ọjọ́ orí yìí, ohun tí ojú mi sì rí kò kéré. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà báyìí gẹ́lẹ́. Ọmọ kì í kúrò ní ìkókó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á jáde, á tún padà wọlé, á tún jáde, òbí tí ó bá sì ń yára ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn ni yóò pẹ́ nínú wàhálà.

Kí á kọ́kọ́ mú ti ara kúrò nílẹ̀, nítorí pé àárẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní agídí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2019, tí ó sọ pé ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, àti pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò wákàtí 10 sí 13. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ lójú ìwé, ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán ni ó sábà máa ń bá a lọ, kì í sì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lónìí ọmọ á sùn lọ́sàn-án, lọ́la á ní òun kò sùn, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sùn yẹn, a ó máa wá gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ tì. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ mi kì í tọ̀ sára láàárọ̀ rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò bá sùn ni. Nígbà tí mo kíyè sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tẹ́ ẹ sùn ní alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fúyẹ́ ju bí ìbáwí èyíkéyìí ìbá ṣe mú un fúyẹ́ lọ. Ní ti oúnjẹ tí ẹ ní kò jẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìdàgbà ara fúnra rẹ̀ ti rọra ń lọ: ọmọ máa ń ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 ní ọdún kejì rẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, nǹkan bí 6 sí 8 ni lọ́dún. Bí ó bá ń ṣeré tí ó sì ń ga, ẹ má fi ìyẹn kún àníyàn yín.

Ohun tí ó máa ń bí òbí nínú jù ni pé ọmọ mọ ohun tí ó tọ́, síbẹ̀ kò ṣe é. Mo ti gbọ́ tí ọmọ mi ń kọ́ àbúrò rẹ̀ pé, “A kì í gbá ènìyàn létí,” tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń balẹ̀ sí etí àbúrò náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Apá iwájú ọpọlọ, tí ó ń kó ènìyàn níjàánu, wà lára àwọn apá tí ó ń pẹ́ gbó jù, kì í sì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Láàárín kí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ òfin àti kí ó lè pa á mọ́ nígbà tí inú bá ń bí i, ọdún púpọ̀ ni ó wà níbẹ̀, àgbà ni yóò sì máa bá a dí àlàfo náà. Ní ilé wa, ìwọ̀nba òfin ni a fi sílẹ̀, èyí tí ó jẹ mọ́ ewu àti ìpalára, a kì í sì í dúró lókèèrè pàṣẹ: ẹni tí ó fẹ́ gbá ènìyàn, a ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó sì sọ gbólóhùn kan péré. Àlàyé gígùn kì í wọ etí ọmọ tí ó ti fara yílẹ̀, nítorí náà ẹ fi í pamọ́ di ìgbà tí omijé bá gbẹ. Àwọn àgbà kan yóò ní ìkẹ́bàjẹ́ ni. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì yí ohun tí mò ń ṣe padà.

Ohun mìíràn tí kò hàn sójú tún ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò yìí, èmi sì gbà pé òun gan-an ni gbòǹgbò ohun tí ẹ béèrè. Ní 1983, Heinz Wimmer àti Josef Perner, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti sọ ìtàn fún àwọn ọmọdé nípa ọmọkùnrin kan tí ó tọ́jú ṣokoléètì síbì kan tí ó sì jáde lọ, tí ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ síbòmíràn kí ó tó dé. Wọ́n béèrè pé níbo ni ọmọ náà yóò ti wá a. Àwọn tí ó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè tọ́ka sí ibi tí ṣokoléètì wà ní tòótọ́, nítorí wọn kò tíì mọ̀ pé ohun tí àwọn mọ̀ lè ṣàjèjì sí ẹlòmíràn. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin sókè ni òye yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wá wò ó láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ti ń gbé ayé bí ẹni pé ìyá òun rí gbogbo ohun tí ó wà nínú òun, ó wá ń fura díẹ̀díẹ̀ pé ọkàn tòun dá wà. Ó dùn mọ́ ọn, nítorí ó lè fi nǹkan pamọ́, ó tilẹ̀ lè parọ́. (Irọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi pa ni pé òun kò fọwọ́ kan ọ̀dà, ọ̀dà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.) Ó sì tún ń bà á lẹ́rù. Lójú tèmi, kò ṣàjèjì pé ọjọ́ orí tí ọmọ ń pariwo pé “Èmi ni màá ṣe é!” náà ni ìbẹ̀rù òkùnkùn sábà máa ń dé. Ọmọ tí ó lé ọwọ́ yín kúrò lára bọ́tìnnì láàárọ̀, tí ó ní kí ẹ gbé òun lọ́sàn-án, kò tako ara rẹ̀ rárá. Ó lọ jìnnà, ó wá wò bóyá ẹ ṣì wà níbi tí ó fi yín sí.

Nítorí náà, ẹ gbé e. Èmi gbé tèmi nígbàkúùgbà tí ó bá béèrè tí ọwọ́ mi sì dilẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbé e nígbà tí kò béèrè, àní bí a tilẹ̀ ń kánjú, tí ìrìn rẹ̀ sì ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ bí ìkókó, mo máa ń dá a lóhùn ní ohùn tèmi, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, láìsì gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, ìwà ìkókó yìí pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, eré pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn ju apá mi lọ, ó sì ń dín kù fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń há a lẹ́nu tí ó ń ṣe bí akólòlò, ìyẹn náà wọ́pọ̀ láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, ó sì máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó parí gbólóhùn rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ ní oṣù mélòó kan, tàbí tí ó ń fún ojú tí ó sì ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ fi han onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ.

Ẹ kọ ọ́ nísàlẹ̀ lẹ́tà yín, bí ẹni tí ojú ń tì, pé àárò ìkókó yín ń sọ yín. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, èyí sì túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti ọmọ yìí ti jọ ṣe láti ìgbà tí ẹ bí i, ẹ̀yin nìkan ni yóò máa rántí rẹ̀. Mo kọ díẹ̀ nínú tèmi sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ọjọ́ ńláńlá, bí kò ṣe ohun tí ó máa ń sọ àti bí ó ṣe máa ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ náà ń gbádùn rẹ̀ báyìí ju fọ́tò lọ.

Ti ìtọ̀ ni ó kù. Ẹ má nà án, ẹ má sì dójú tì í lójú àwọn ẹlòmíràn. Ẹ pàrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ máa rán an létí póò kí ó tó jókòó ti eré. Títọ̀ sílé lóru kì í ṣe ohun àníyàn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbẹ lọ́sàn-án tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti àìrígbẹ́yà wà lára ohun tí ó máa ń fà á. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́ tí ó sì ń rù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Bákan náà, bí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ bá sọ nù pátápátá, tí kì í ṣe pé ó kàn ń fi ohùn ìkókó sọ ọ́, tàbí tí kò wo ojú yín mọ́ tí kò sì dáhùn orúkọ rẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí ó kọjá lọ. Ẹ kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó yí padà nínú ilé ní àkókò náà sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí òun ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.